Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Belmonte, ìlú tó mọ àṣírí í pa mọ́

Ìlú kékeré orí òkè ni Belmonte, ní ìlà-oòrùn Pọ́túgàl. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Pedro Álvares Cabral, ọ̀gá atukọ̀ tó gúnlẹ̀ sí Bùràsíìlì ní 1500, ilẹ̀ tí wọ́n padà kó àìmọye ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ.

Ìtàn tó wù mí jù níbẹ̀ kì í ṣe tiẹ̀ o. Ní 1497, Ọba Manuel Kìíní fipá sọ àwọn Júù di Kristẹni. Àwọn ti Belmonte gbà lójú ayé, àmọ́ wọ́n ń ṣe ẹ̀sìn baba wọn lọ nínú ilé. Wọn ò ní rábì. Àwọn ìyá ló ń fi ẹnu kọ́ àwọn ọmọbìnrin wọn ní àdúrà, fún ohun tó lé ní irinwó ọdún! Ní 1925 ni Samuel Schwarz, ẹnjiníà Júù láti Póláńdì, kọ ìwé nípa wọn. Ọdún 1996 ni wọ́n ṣí sínágọ́gù wọn.

Ọ̀nà oúnjẹ ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ tó ń rán aṣọ wà, oko èso àti ti ólífì náà wà. Ní báyìí, àṣírí àtijọ́ ti di ọjà: àwọn àlejò ń wá wo mùsíọ́ọ̀mù Júù, wọ́n sì ń ra wáìnì tí wọ́n ṣe ní ìlànà ẹ̀sìn náà. Síbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ń ṣí lọ, àwọn mìíràn títí dé Ísírẹ́lì.