Oró Inú Igi Bọ́ksì

Àwọn tí ó ń ka Bíbélì ti pàdé orúkọ igi bọ́ksì nínú ìwé Wòlíì Aísáyà, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ni ó ti fi ojú rí i. Igi kékeré ni, tí kì í wọ́wé nígbà òtútù. Ó ń hù ní Yúróòpù àti ní apá ìwọ̀-oòrùn Éṣíà. Ó máa ń pẹ́ kí ó tó dàgbà, ó sì le tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbẹ́ òòyà àti fèrè láti ara rẹ̀. Màlúù àti ẹṣin kì í fẹ́ jẹ ewé rẹ̀. Èyí tí ebi bá sún dé ìdí rẹ̀ yóò máa ya ìgbẹ́ gbuuru, ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, bí ó bá sì jẹ ẹ́ ní àjẹjù, èémí rẹ̀ lè dá.

Oró tí ó wà nínú ewé náà ni àwọn onímọ̀ kẹ́místrì ń pè ní alkaloid. Alkaloid kì í ṣe àjèjì sí wa. Ọ̀kan wà nínú obì, tí kì í jẹ́ kí ẹni tí ó jẹ ẹ́ sùn bọ̀rọ̀; òmíràn wà nínú tábà; òmíràn sì ni kuníìnì tí a fi ń wo ibà. Gbogbo wọn ni ó ní náítírójìn nínú. Steroid jẹ́ ìdílé mìíràn ní tirẹ̀: òrùka kábọ̀nù mẹ́rin tí ó so pọ̀ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, cholesterol tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nínú igi bọ́ksì ni ìdílé méjèèjì ti di àna ara wọn: ìpìlẹ̀ steroid ni oró náà ní, náítírójìn sì so mọ́ ọn ní ìkángun kan tàbí ní ìkángun méjèèjì.

Ní 1830 ni Fauré, ará Faransé, yọ oró yìí jáde tí ó sì pè é ní buxine. Ohun tí ó pè ní ẹyọ kan, ọ̀pọ̀ ni. Èyí tí a ti mọ̀ báyìí lé ní 100. Ó di 1962 kí Brown àti Kupchan, ní Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà, tó ṣàlàyé bí a ṣe to ọ̀kan nínú wọn, cyclobuxine. Wọ́n bá òrùka karùn-ún níbẹ̀, tíńtín, oníkábọ̀nù mẹ́ta péré. Òrùka bẹ́ẹ̀ ṣòro láti so, bí ìgbà tí ènìyàn bá tẹ ọpá títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí. Níbo ni ó ti wá? Nígbà tí ara ènìyàn bá ń ṣe steroid, lanosterol ni ó ń gbà kọjá. Cycloartenol ni ti ewéko, òun ni ó sì ní òrùka kékeré yìí. Bí iṣẹ́ bá ti ń lọ, ewéko a máa já òrùka náà. Nínú cyclobuxine, bọ́ksì kò já a. Ó wà níbẹ̀ bí ilà ojú, tí ń sọ ìdílé tí oró náà ti wá.

Àwọn ìwé àtijọ́ kan a máa kọ́ni pé pàǹtírí tí igi kò rí ibi dà sí ni alkaloid. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Náítírójìn tí àgbẹ̀ ń torí rẹ̀ ra ajílẹ̀ kì í ṣe ohun tí igi yóò máa fi ṣòfò. Ẹ̀ṣọ́ ni oró náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ilẹ̀ Ṣáínà wọ́n ń fi ọ̀kan nínú wọn, cyclovirobuxine D, ṣe oògùn àrùn ọkàn.

Ẹ̀ṣọ́ náà kò borí gbogbo ọ̀tá. Àfòpiná kan wà ní ìlà-oòrùn Éṣíà, Cydalima perspectalis, tí ó jẹ́ pé ewé bọ́ksì ni oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ kòkòrò tí ń rá. Ní 2007 a rí i ní Jámánì. Ní 2012 ó bá àwọn igi tí wọ́n kó láti Ítálì dé Sochi ní Rọ́ṣíà, èyí tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìlú lọ́ṣọ̀ọ́ de Eré Òlíḿpíìkì 2014. Láàárín ọdún mélòó kan, ó ti sọ igbó bọ́ksì àtayébáyé agbègbè náà, títí dé Abkhazia àti Jọ́jíà, di igi gbígbẹ.

Ní 2013 àwọn onímọ̀ ní Basel, ní Switzerland, fi hàn bí kòkòrò náà ṣe ń ṣe é. Alkaloid tí ó ní náítírójìn ní ìkángun kan ṣoṣo, ó ń tú u palẹ̀ tàbí kí ó yà á jáde; èyí tí ó ní i ní ìkángun méjèèjì, ó ń kó o jọ sínú ara rẹ̀. Ẹyẹ tí ó bá gbé e mì, oró igi ni ó gbé mì. Nínú ọgbà ilé, a lè fi ọwọ́ ṣa kòkòrò wọ̀nyí, tàbí kí a fín bakitéríà Bacillus thuringiensis, tí ó ń pa wọ́n, sí ara ewé. Igbó orí òkè Caucasus tóbi ju èyí lọ.