Ilé Là Á Wò: Yíyan Ibi tí Àkọsílẹ̀ Agbo Ilé Ìbàdàn Lè Lọ nínú Org

Ìfáárà

Agbo ilé ni ìpìlẹ̀ ìtàn Ìbàdàn àtijọ́. Láti Ọjà'ba dé Mápó, láti Bẹẹrẹ dé Bẹ́yẹrúnká, ẹnu àwọn ọmọ agbo ilé ni oríkì àti ìtàn ogun ti ń jáde. Ipò Mọ́gàjí, tí í ṣe olórí agbo ilé, ni àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ sí oyè ìlú. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ìtàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Bí olùwádìí bá gba ìtàn ní ilé kan, tó wá tọ́jú rẹ̀ sí abẹ́ orúkọ ilé mìíràn, ó ti fi ẹ̀rí sí ẹnu ẹni tí kò jẹ́ ẹ. Àlàyé yìí dá lé bí a ṣe lè lo ètò Org láti dènà irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Carsten Dominik ló bẹ̀rẹ̀ Org ní ọdún 2003, inú Emacs ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Fáìlì rẹ̀ kò ní ju lẹ́tà lásán lọ. Àmì ìràwọ̀ ló ń fi ipele àkòrí hàn: ìràwọ̀ kan fún àkòrí àgbà, méjì fún èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, mẹ́ta fún èyí tó tún tẹ̀lé e.

Ṣíṣí àkọsílẹ̀ nípò

Àṣẹ C-c C-w ló ń gbé àkọsílẹ̀ láti abẹ́ àkòrí kan lọ sí abẹ́ òmíràn. Bí a kò bá yí ohunkóhun padà, àwọn àkòrí oníràwọ̀ kan inú fáìlì tí a wà nìkan ni Org yóò tò sílẹ̀. Èyí kéré jù fún iṣẹ́ Ìbàdàn. Ká ní olùwádìí ń kó ohun tó gbọ́ lóde sínú gba.org, tí fáìlì ibadan.org sì ní àdúgbò ní ipele kìíní, agbo ilé ní ipele kejì, àti Oríkì, Ìtàn Ogun àti Oyè ní ipele kẹta. Àwọn ìlà wọ̀nyí ni yóò ṣí ọ̀nà:

(setq org-refile-targets '(("~/iwadii/ibadan.org" :maxlevel . 3)))
(setq org-refile-use-outline-path t)
(setq org-outline-path-complete-in-steps nil)
(setq org-refile-allow-creating-parent-nodes 'confirm)
(setq org-log-refile 'time)

Ìlà kìíní sọ fáìlì tí àkọsílẹ̀ lè lọ, ó sì fi ààlà sí ipele kẹta. Àkọsílẹ̀ tó bá gúnlẹ̀ sábẹ́ Oríkì yóò di ipele kẹrin, kò sì ní wọ inú àtòjọ mọ́. Àtòjọ náà kò ní kún àkúnya. Ìlà kejì ló ṣe kókó jù. Gbogbo agbo ilé ló ní àkòrí Oríkì. Bí orúkọ yẹn nìkan bá hàn, kò sí bí a ṣe lè mọ tẹni. Pẹ̀lú ìlà yìí, ohun tí yóò hàn ni Bẹ́yẹrúnká/Ilé Ògúnmọ́lá/Oríkì. Ìlà kẹta mú kí ọ̀nà náà hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkẹrin gbà kí a dá àkòrí tuntun sílẹ̀, ṣùgbọ́n yóò kọ́kọ́ béèrè. Ìkarùn-ún ń kọ ọjọ́ tí a ṣí àkọsílẹ̀ nípò.

Ìṣòro àmì ohùn

Lójú ènìyàn, ọ́ jẹ́ lẹ́tà kan. Lójú kọ̀ǹpútà, ó lè jẹ́ ọ tí a fi àmì ohùn kún, tàbí ó tí a fi àmì abẹ́ kún, tàbí o lásán tí a fi àmì méjèèjì kún. Bí olùwádìí bá yan Bẹ́yẹrúnká, tó wá tẹ /Ilé Ògúnmọ́lá ní ìlànà tó yàtọ̀ sí ti inú fáìlì, Emacs yóò rí i bí ilé tuntun. Bí olùwádìí bá gbà á láìfura, ilé kan di méjì. Àṣẹ ucs-normalize-NFC-region ń sọ gbogbo ìlànà yìí di ọ̀kan. Àkọtọ́ pẹ̀lú nílò ìpinnu: Ọjà'ba àti Ọjà Ìba jẹ́ ibì kan náà, ṣùgbọ́n àkòrí méjì ni wọ́n nínú fáìlì.

Nígbà tí ìtàn bá ní ilé méjì

Nínú ogun Ìjàyè, tó parí ní ọdún 1862, Balógun Ìbíkúnlé ló ṣáájú ogun Ìbàdàn. Ògúnmọ́lá, tó di Baṣọ̀run lẹ́yìn náà, ni Ọ̀tún rẹ̀. Ìtàn kan lè kan ilé méjèèjì. Abẹ́ ilé tí a ti gbọ́ ọ ni ó yẹ kó wà. Ìtọ́ka lásán ni kí a fi sí ilé kejì. Bí a bá ṣe ẹ̀dà rẹ̀, tí a wá tún ọ̀kan ṣe, ẹ̀dà méjèèjì kò ní bára mu mọ́. Bí iyèméjì bá wà, C-u C-c C-w yóò mú olùwádìí dé ibi tó fẹ́ láìgbé ohunkóhun, kó lè fojú rí i kó tó pinnu.

Ìkádìí

Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Org kò mọ ilé tó ni ìtàn. Ohun tó lè ṣe ni kó fi ilé han olùwádìí ní kíkún, àdúgbò rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀, kí ó tó fi ìtàn lé e lọ́wọ́.