Ẹ jẹ́ ká mọ orúkọ kòkòrò ká tó gbé oògùn mì



 

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, níbi tábìlì ìlera tí a máa ń tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ mọ́sálásí wa ní Festac, ìyá alásàlátù kan kó ìwé àyẹ̀wò mẹ́ta kalẹ̀ níwájú wa. Láàárín ọdún kan ni ó gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun kan náà ni wọ́n sì kọ síbẹ̀: taifọ́ọ̀dù. Ìyá ní, "Dókítà, ẹ bá mi wò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti lo oògùn rẹ̀ tán. Ibà yẹn á lọ, á tún padà wá. Ẹ̀yìn á máa ro mí, ìtọ̀ á máa ta mí. Ṣé taifọ́ọ̀dù tèmi kò gbóògùn ni?"

A ní, "Ìyá, apòògùn ni wá o, a kì í ṣe dókítà. Irú àyẹ̀wò wo ni wọ́n ṣe fún yín?" Ìyá ní wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní apá òun, èsì sì jáde kí òun tó jókòó dáadáa. Ìgbà náà ni ó yé wa pé nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹni tó fojú kan kòkòrò tó ń da ìyá láàmú.

Ipasẹ̀ kì í ṣe olè

Láti Mile 2 dé Agboju àti Satellite Town, "màláríà àti taifọ́ọ̀dù" ti fẹ́ di orúkọ gbogbo ibà. Àyẹ̀wò tí wọ́n sábà máa ń fi sọ bẹ́ẹ̀ ni Widal, tó ti wà láti ọdún 1896. Widal kì í wá kòkòrò fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tí ara kó jọ láti bá kòkòrò jà ni ó ń wá nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ènìyàn bá ti ṣe taifọ́ọ̀dù rí, tàbí tí ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, tàbí tí kòkòrò mìíràn tó jẹ́ ẹbí rẹ̀ ti wọ ara rẹ̀ rí, àwọn ọmọ ogun náà lè ṣì wà níbẹ̀. Màláríà pàápàá lè mú kí Widal sọ pé taifọ́ọ̀dù wà nígbà tí kò sí.

Ó dà bí ìgbà tí a jí tí a rí ipasẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. A mọ̀ pé ẹnì kan kọjá. A kò mọ ọjọ́ tó kọjá, a kò sì lè torí ipasẹ̀ fi ọmọ aládùúgbò sí àtìmọ́lé. Súrà Al-Hujuraat, áyà 6, kọ́ wa pé kí a wádìí ìròyìn kí a tó gbé ìgbésẹ̀ lé e lórí. Ìròyìn àìsàn náà wà lára rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń gbin kòkòrò

Ọ̀nà tó dájú láti mọ irú bakitéríà tó wà lára aláìsàn ni kí wọ́n gbìn ín. Kòkòrò kan ṣoṣo kéré ju ohun tí ojú lè rí. Ṣùgbọ́n bí a bá fún un ní oúnjẹ àti ooru tó dà bí ooru ara ènìyàn, yóò máa pọ̀ sí i títí, tí yóò fi di òkìtì kékeré bí orí abẹ́rẹ́ láàárín wákàtí 18 sí 24. Òkìtì yẹn ni ẹni tó wà ní láàbù ń wò.

Ilé ìdáná ni oúnjẹ yìí ti wá. Ní ọdún 1881, ní Jámánì, àwọn oníṣẹ́ Robert Koch ń lo jẹ́látìn láti fi gbin kòkòrò, ṣùgbọ́n bí ooru bá ti mú, jẹ́látìn á yọ́. Ìyàwó ọ̀kan nínú wọn, Fanny Hesse, ló ní kí wọ́n lo ágà, ohun kan tí wọ́n ń rí lára koríko inú òkun, tí òun fi ń se oúnjẹ dídì nílé. Ágà kì í yọ́ nínú ooru ara. Títí di òní, òun ni láàbù ń lò káàkiri ayé.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan kù. Nínú ìgbẹ́ ènìyàn, kòkòrò oríṣiríṣi ló wà níbẹ̀ láìṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Báwo ni a ó ṣe rí ẹyọ kan tó jẹ́ ọ̀daràn láàárín wọn?

Ká sọ pé èrò pọ̀ níbi walímà, a sì fẹ́ dá àwọn kan mọ̀. Bí a bá gbé ìrẹsì kalẹ̀, gbogbo ènìyàn ni yóò jẹ ẹ́, a kò ní mọ ta ni ta ni. Bí ó bá jẹ́ ewúro tí a kò fọ̀ ni a fi se ọbẹ̀, ọ̀pọ̀ yóò dìde. Àwọn tí ẹnu wọn ti mọ ìkorò nìkan ni yóò kù lórí ìjókòó. Bí epo pupa bá sì pọ̀ nínú ọbẹ̀ náà, ẹni tó fọwọ́ jẹun, epo á hàn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó fi ṣíbí jẹun, ọwọ́ rẹ̀ á mọ́.

Ohun tí láàbù ń ṣe nìyẹn. Oúnjẹ tó ń lé àwọn kòkòrò kan, tó sì ń gba àwọn mìíràn láyè, ni a ó pè ní oúnjẹ aṣàyàn. Èyí tó ń mú kí àwọn tó ṣẹ́kù yàtọ̀ síra lójú ni oúnjẹ afìyàtọ̀hàn. Àwo kan lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀.

Àpẹẹrẹ kan ni ágà MacConkey, tí wọ́n fi sọrí Alfred MacConkey, ará Gẹ̀ẹ́sì, tó ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Iyọ̀ òróòro wà nínú rẹ̀. Àwọn kòkòrò tó ń gbé inú ìfun ti mọ òróòro lára. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé ojú awọ ara kò lè fara dà á. Ìṣàyàn nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ṣúgà inú wàrà àti aró kan wà níbẹ̀. Kòkòrò tó bá jẹ ṣúgà náà yóò sọ ibẹ̀ di kíkan, aró á sì sọ òkìtì rẹ̀ di àwọ̀ pínǹkì. E. coli máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Salmonella tó ń fa taifọ́ọ̀dù kì í jẹ ṣúgà yẹn, nítorí náà òkìtì tirẹ̀ kì í ní àwọ̀. Bí wọ́n bá sì gbé Salmonella sórí oúnjẹ mìíràn tí wọ́n ń pè ní XLD, ó sábà máa ń pupa, kí àárín rẹ̀ sì dúdú.

Àwọ̀ nìkan kò tó láti dájọ́ o. Klebsiella náà máa ń ní àwọ̀ pínǹkì bíi ti E. coli. Àwọ̀ ló ń dín àwọn tí a fura sí kù. Àyẹ̀wò mìíràn ni yóò parí ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyá wa ńkọ́? A ní kí ó lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba, kí ó má sì fi oògùn apakòkòrò kankan kan ẹnu kí wọ́n tó gba nǹkan àyẹ̀wò. Wọ́n gbin ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì gbin ìtọ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò hù ohunkóhun. Àwo ìtọ̀ kún fún òkìtì pínǹkì: E. coli ni. Wọ́n to àwọn bébà róbótó tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn oríṣiríṣi sórí rẹ̀. Èyí tí ìyá ti ń lò láti ọdún yẹn, kòkòrò náà hù sún mọ́ ọn láìbẹ̀rù. Dókítà yan òmíràn fún un. Ìyá ti ń dé fún ìrun Àsùbáá báyìí, al-hamdulillah. Ṣùgbọ́n ọdún kan gbáko ni ìyá fi jìyà, tó ń náwó sórí àìsàn tí kò ṣe é.

Onígbáméjì àti àwo aláwọ̀ ewé

Kọ́lẹ́rà ni àwọn àgbà ń pè ní onígbáméjì: igbá kan fún èébì, igbá kejì fún ìgbẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, nígbà tí a ń múra Iléyá, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé ó ti bẹ́ sílẹ̀. Etí-Ọ̀sà, Lagos Island, Kòsọ̀fẹ́ àti Ìkòròdú wà lára àwọn ibi tó ti le. Láàbù ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Vibrio cholerae O1 ni.

Oúnjẹ tí wọ́n fi ń wá a ni TCBS. Àwọ̀ ewé ni àwo rẹ̀. Òróòro wà nínú rẹ̀, kò sì kan rárá. Ó dà bí omi káún. Ọ̀pọ̀ kòkòrò inú ìfun kò lè hù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ara ti ń tu kòkòrò kọ́lẹ́rà. Ṣúgà ìrèké ni wọ́n fi sí i, nígbà tí kọ́lẹ́rà bá sì jẹ ẹ́, òkìtì rẹ̀ á di àwọ̀ ìyeyè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan, Vibrio parahaemolyticus, tó máa ń wà lára akàn àti edé tí kò jinná, kì í jẹ ṣúgà náà, àwọ̀ ewé ni yóò sì wà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru bí omi ìrẹsì kò gbọdọ̀ dúró de àwo. Omi tó ń jáde lára rẹ̀ ló ń pani, ó sì lè pani láàárín wákàtí díẹ̀. ORS ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí fún un lójú ẹsẹ̀, kí ẹ máa fún un lọ títí dé ilé ìwòsàn. Bí kò bá sí ORS, ẹ po ṣíbí tíì 6 ṣúgà tí kò ga lórí àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ mọ́ lítà 1 omi tó mọ́. Àwọn tó ń sáré wá ra Flagyl lọ́wọ́ wa, kí wọ́n mọ̀ pé Flagyl kì í pa kòkòrò kọ́lẹ́rà, kì í sì í pa ti taifọ́ọ̀dù.

Omi mọ́sálásí wa

Ìlú wa yìí, tí wọ́n kọ́ fún àjọ̀dún FESTAC ọdún 1977, wà lórí ilẹ̀ tó rẹlẹ̀. Omi kò jìn nísàlẹ̀, bóòhóòlù sì pọ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ní kí bóòhóòlù jìnnà sí sọ́kàwéè tó mítà 30. Ṣùgbọ́n pílọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 lọ́nà 120 jẹ́ nǹkan bíi mítà 18 lọ́nà 36. Ẹ fojú inú wo bí wọ́n ṣe ń há mọ́ra.

Nígbà tí inú ń run àwọn ọmọ iléékéú wa léraléra, gbogbo wa ló dá bóòhóòlù lẹ́bi. Ìgbìmọ̀ mọ́sálásí ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí kówó jọ láti gbẹ́ òmíràn. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò. Láàbù gba omi níbi mẹ́ta: lẹ́nu bóòhóòlù, nínú táǹkì òkè, àti nínú drọ́ọ̀mù tí àwọn ọmọ ti ń bu omi mu. Wọ́n sẹ́ mílílítà 100 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbin ohun tó kù lójú asẹ́. E. coli ni wọ́n ń wá, nítorí inú ìfun ènìyàn àti ẹran ló ń gbé. Níbi tí a bá ti rí i, ìgbẹ́ ti débẹ̀. Nínú mílílítà 100 omi mímu, ẹyọ kan kò gbọdọ̀ sí.

Lẹ́nu bóòhóòlù, kò sí. Nínú táǹkì, kò sí. Nínú drọ́ọ̀mù, ó wà. Ọwọ́ tiwa ni, àti ife tí gbogbo ọmọ ń tì bọ inú omi. Drọ́ọ̀mù onídérí tó ní ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀, àti ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ni a fi owó díẹ̀ rà. Owó bóòhóòlù kò jáde mọ́.

Àwọn alfa kọ́ wa láti wo àwọ̀, ìtọ́wò àti òórùn omi àlúwàlá. Omi drọ́ọ̀mù yẹn yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ àlúwàlá, Lemọ́mù ni kí ẹ bi. Ọ̀rọ̀ mímu ni tiwa, ojú lásán kò sì lè dá a mọ̀.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣe

1. Bí wọ́n bá ní taifọ́ọ̀dù ni, ẹ bèèrè pé, "Ṣé Widal ni, àbí ẹ gbin ẹ̀jẹ̀?" Gbígbin pàápàá kì í mú gbogbo ẹni tó ní in, nítorí náà dókítà ni kó parí ìdájọ́.

2. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ kí ẹ tó lo kápúsù àkọ́kọ́. Oògùn tó ti wọ ara lè mú kí àwo òfìfo tan wá jẹ. Bí ẹ bá ti lò ó, ẹ sọ fún láàbù. Ẹni tí àìsàn ti wọ̀ lára kò gbọdọ̀ dúró de èsì o. Wọ́n á gba tirẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

3. Fún ìtọ̀, ẹ fọ ojú ara, ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ dànù, ẹ gba ti àárín. Fún ìgbẹ́, ẹ lo ike tó mọ́, kí ìtọ̀ má kàn án, kí ó sì dé láàbù láàárín wákàtí 2.

4. Ẹ ní sùúrù. Kòkòrò kì í hù ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni a sábà ń dúró, ti ẹ̀jẹ̀ sì lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kí Ó sì má jẹ́ kí a fi owó oúnjẹ ra oògùn àìsàn tí kò ṣe wá. Àmín. Ma'a salaam.