Àkókò àti Ìwọ̀n Ìṣeéṣe Nínú Èdè Ìpàṣẹ Kọ̀ǹpútà: Ẹ̀kọ́ Láti Ojú Ọ̀nà Mile 2

Ẹni tí ó bá ti gbé Festac Town tàbí agbègbè Amúwò-Ọ̀dọ̀fin mìíràn mọ ohun tí ìdúró ń jẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú 2021, àwọn tírélà tí ń lọ sí èbúté Tin Can a máa tò láti ẹnu èbúté títí dé Mile 2, àwọn awakọ̀ a sì máa sùn sínú ọkọ̀ lójú títì. Ní ọjọ́ 27 oṣù Èrèlè ọdún 2021, àjọ tí ń bójú tó èbúté ọkọ̀ ojú omi ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà pe àwọn tírélà wọlé. Orúkọ tí a sọ ìlànà náà ni Ètò.

Orúkọ náà dára, ṣùgbọ́n ó fa ìṣòro yọ fún àwọn onímọ̀ èdè-ìperí. Ètò kan náà ni àwọn olùkọ́ ń pe àkójọ àṣẹ tí a kọ fún kọ̀ǹpútà; òun náà ni wọ́n ń pe odidi ohun tí àwọn ẹ̀yà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ pọ̀, bí èbúté, ọ̀nà àti ọkọ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ru ẹrù méjì, ìtúpalẹ̀ ètò yóò ṣòro í kọ́ni.

Àkókò ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Oríṣi mẹ́ta ni àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìtúpalẹ̀ ń lò. Ní ti méjì àkọ́kọ́, èdè Yorùbá ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tipẹ́: aago méjì kì í ṣe wákàtí méjì. Aago ń tọ́ka sí ìgbà tí tírélà dé. Wákàtí ń sọ bí ó ti dúró pẹ́ tó. A lè ro wákàtí pọ̀ mọ́ wákàtí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń ro aago pọ̀ mọ́ aago. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi 'àkókò' nìkan pe méjèèjì yóò ṣe ìṣirò tí kò nítumọ̀. Ẹ̀kẹta ni àkókò àfarawé, èyí tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà nìkan: odidi ọjọ́ kan lẹ́nu èbúté lè kọjá nínú rẹ̀ kí a tó ṣẹ́jú.

Ọ̀rọ̀ ìṣeéṣe ni ó tún kàn. Bí ará Festac bá wí ní oṣù Òkúdù pé ó ṣeé ṣe kí òjò rọ̀, òótọ́ ni; bí ó bá tún wí bẹ́ẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, òótọ́ náà ni. Síbẹ̀, òtítọ́ méjèèjì kò dọ́gba. Ìṣeéṣe ń sọ pé nǹkan lè ṣẹlẹ̀. Kò sọ bí ó ti lè rí bẹ́ẹ̀ tó. Ohun tí ìṣirò ń fẹ́ ni nọ́ńbà láàárín 0 àti 1, orúkọ tí ó sì yẹ ẹ́ ni ìwọ̀n ìṣeéṣe.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti orí ìwé lásán. Ká ní ẹnu-ọ̀nà kan lè gba tírélà 10 wọlé ní wákàtí kan, tírélà 8 péré ni ó sì ń dé. Bí wọ́n bá ń dé ní ìṣẹ́jú méje ààbọ̀ síra, tí olúkúlùkù sì gba ìṣẹ́jú 6, kò sí ẹni tí yóò dúró de ẹnìkejì. Ṣùgbọ́n bí dídé wọn àti iṣẹ́ ẹnu-ọ̀nà bá jẹ́ ti àìròtẹ́lẹ̀, ìpíndọ́gba àkókò tí tírélà kan yóò lò di ìṣẹ́jú 30. Bí 9 bá ń dé, ó di wákàtí 1. Bí ó bá jẹ́ 9.5, ó di wákàtí 2. Ìdajì tírélà kan tí a fi kún un ti sọ ìdúró di ìlọ́po méjì. Ìdí nìyí tí fífún olúkúlùkù ní aago tirẹ̀ fi lè dín ìdúró kù: àìròtẹ́lẹ̀ ni ó ń gé kúrò.

Ṣùgbọ́n bí ohun tí ń dé bá ju agbára ẹnu-ọ̀nà lọ, kò sí àṣẹ kọ̀ǹpútà tí ó lè gbà á là. Ní ọdún 1975, lẹ́yìn tí Nàìjíríà ti ra símẹ́ńtì tí ó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi ni ó dúró sí òkun Èkó láìríbi gúnlẹ̀. Inú ìdààmú yẹn ni a ti kọ́ èbúté Tin Can, tí a ṣí ní ọdún 1977, ọdún kan náà tí a ṣe àjọ̀dún tí Festac Town fi gba orúkọ.

Àwọn tí ń ṣe èdè ìpàṣẹ kọ̀ǹpútà ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ọdún 1909 ni A. K. Erlang, ọmọ ilẹ̀ Denmark, tẹ ìṣirò rẹ̀ jáde lórí ìpè tẹlifóònù. Ní àwọn ọdún 1960, Ole-Johan Dahl àti Kristen Nygaard ṣe èdè Simula ní Norway. Nínú rẹ̀, àṣẹ hold ń mú kí ohun kan dúró fún iye àkókò àfarawé tí a dá fún un. Draw sì ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ìṣeéṣe tí a fún un.

Nítorí náà, àbá tí ó wà nílẹ̀ ni pé kí ètò máa jẹ́ ti odidi ohun tí a ń túpalẹ̀, kí àkójọ-àṣẹ máa jẹ́ ohun tí a kọ fún kọ̀ǹpútà, kí èdè ìpàṣẹ sì jẹ́ èdè tí a fi kọ ọ́. Ojú-àkókò ni kí á pe ti aago, gígùn-àkókò ni ti wákàtí. Ìlà ìdúró ni ti àwọn tírélà. Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ; bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ìmọ̀. Olùkọ́ tí ó bá fi orúkọ wọ̀nyí kọ́ni ní Amúwò kò ní wá àpẹẹrẹ lọ sí ọ̀nà jíjìn, nítorí ojú títì ni yóò ti rí i.