Ọ̀rinrin Ló Ń Mú Ọgbẹ́ Jinná

Ẹ sún mọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ mi. Tòní kì í ṣe àlọ́, kò sí ìjàpá nínú rẹ̀. Ojú ayé yìí ni wọ́n ti ṣe é.

Láyé ìgbà tí a wà lọ́mọdé, bí orúnkún ọmọ bá bó, wọ́n á ní kó ṣí i sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, kí èépá lè tètè bò ó. Ọ̀pọ̀ dókítà pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Àfi ìgbà tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ George Winter, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá ọgbẹ́ wẹ́wẹ́ sí ara ẹlẹ́dẹ̀. Ó fi ọ̀rá bo àwọn kan, ó ṣí àwọn yòókù sílẹ̀. Nígbà tó yẹ̀ wọ́n wò, awọ tuntun ti yára bo àwọn tó wà lábẹ́ ọ̀rá ní ìlọ́po méjì! Ọdún 1962 ló tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde. Etí ọgbẹ́ àti ìdí irun ni sẹ́ẹ̀lì awọ ti máa ń rá wọ àárín. Bí ibẹ̀ bá rin, wọn á máa yọ̀ lọ. Bí ó bá ti gbẹ, abẹ́ èépá ni wọ́n á máa walẹ̀ gbà. Láti ìgbà náà ni oríṣiríṣi ohun tí wọ́n fi ń bo ọgbẹ́ kó lè rin ti jáde. Wọ́n ń fi ewéko inú òkun ṣe òmíràn: bó bá fa omi ọgbẹ́ mu, á máa yọ̀ bí ilá, kò sì ní bó awọ tuntun nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ń ṣí i.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù rèé. Ẹ mọ ewé Akíntọ́lá, tí àwọn kan ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, tó ń da àgbẹ̀ láàmú. Bí àdá bá ṣá wa lóko, òun la máa ń rún, a ó fún omi rẹ̀ sí i kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ó hù ní Vietnam náà. Àwọn oníṣègùn ibẹ̀ yọ èròjà rẹ̀, wọ́n fi ṣe ìpara tí wọ́n ń pè ní Eupolin, ìjọba wọn sì fọwọ́ sí i fún ara tí iná jó àti fún ọgbẹ́. Àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé àwọn èròjà kan nínú rẹ̀ ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì awọ lọ́wọ́ oró tí ara ń tú jáde níbi tó fara pa. Àmọ́ mo bẹ̀ yín, ewé tí a já lóko kì í ṣe ìpara yẹn. Yẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ lè gbé tẹ́tánọ́ọ̀sì wọlé. Ẹ fi omi tó mọ́ àti ọṣẹ fọ ọgbẹ́, kí ẹ lọ gba abẹ́rẹ́.

Àwọn ọmọ kan tún wà tí awọ ara wọn ń bó bí aṣọ bá kàn fara kàn wọ́n, láti inú ìyá ni. Èèpo igi birch tó ń hù ní ilẹ̀ òtútù ni wọ́n fi ṣe ìpara Filsuvez fún wọn. Yúróòpù fọwọ́ sí i ní 2022, Amẹ́ríkà ní 2023. Àwọn aláìsàn 223 ni wọ́n fi dán an wò. Láàárín ọjọ́ 45, ọgbẹ́ tí wọ́n yàn láti máa ṣọ́ jinná lára bí 41 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lò ó. Láàárín àwọn tí ìpara tiwọn kò ní èèpo igi náà, bí 29 ni. Àrùn náà kò lọ. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń tú báńdéèjì lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí ọmọ ń ké, mọ ohun tí ọgbẹ́ kan ṣoṣo tó jinná jẹ́.