Ojú Oníṣòwò Ni Olówó Ń Wò

Ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ní Ìsẹ́yìn, ẹni tó bá fẹ́ yá owó òwú kì í rojọ́ púpọ̀. Yóò mú onídùúró méjì wá, a ó sì lọ bá a nídìí òfì. Èmi akọ̀wé máa ń wo etí aṣọ tó ń hun lọ́wọ́. Bí etí bá tọ́ látòkè délẹ̀, tí kò súnkì níbì kan, mo mọ̀ pé onísùúrù ni. Lẹ́yìn náà la ó bi ìyá tó ń ta òwú fún un bí ẹni náà ṣe ń san gbèsè.

Àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa tó fẹ́ máa ta aṣọ òfì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń wá owó tó ju agbára ẹgbẹ́ lọ. Iwájú àwọn olówó tí kò mọ̀ wọ́n rí ni wọ́n ń lọ dúró sí, fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Òwò tuntun kò sì tíì ní èrè tí èèyàn lè yẹ̀ wò, nítorí náà olówó á máa wo ẹni tó dá a sílẹ̀: ṣé ó láyà, ṣé ara rẹ̀ yá mọ́ọ̀yàn, ṣé ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n?

Ní 2014, Alison Wood Brooks ti Yunifásítì Harvard àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé òwò méjì méjì síwájú àwọn èèyàn lórí fídíò, ohùn ọkùnrin ń sọ ọ̀kan, ohùn obìnrin ń sọ èkejì. Wọ́n ń pààrọ̀ ohùn, wọn ò yí ọ̀rọ̀ padà. Nínú ọgọ́rùn-ún, bíi 68 ló yan èyí tí ohùn ọkùnrin sọ.

Ìrísí àti ohùn sì lè tan olówó jẹ: Elizabeth Holmes, tó dá iléeṣẹ́ Theranos sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, mú ohùn rẹ̀ rinlẹ̀, ó wọ aṣọ dúdú ọlọ́rùn gíga, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́jú. Owó tó lé ní 700 mílíọ̀nù dọ́là ni àwọn olówó kó fún un lórí ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ bó ṣe wí. Ní 2022, ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n ọdún tó lé ní 11 fún jìbìtì.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ti àwọn ọmọbìnrin wa. Ọmọ tí a kọ́ pé kó má wo àgbà lójú, kó kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, àjèjì á ní kò nígboyà, tàbí pé ó ń fi nǹkan pa mọ́. Ẹ̀kọ́ ilé di àléébù!

Mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n mú aṣọ àti ìwé tí wọ́n ń kọ ọjà títà sí dání, kí wọ́n fi lé olówó lọ́wọ́ kí wọ́n tó la ẹnu. Ẹ̀yin olówó náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìwé yẹn tán kí ẹ tó pe ẹni tó ni ín wọlé.