Ẹ̀rọ Ìjọba àti Ìrọ̀rùn Òwò ní Ìsẹ́yìn

Ìlú Ìsẹ́yìn kì í ṣe àjèjì sí òwò. Sányán, àlàárì àti ẹtù tí àwọn ahunṣọ rẹ̀ ń hun ni ó mú kí òkìkí rẹ̀ kàn ká ilẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn mọ aṣọ hun, ọ̀tọ̀ ni kí ìjọba mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́. Báǹkì kì í ṣí àkáǹtì ní orúkọ ilé-iṣẹ́ tí kò ní ìwé-ẹ̀rí.

Corporate Affairs Commission, tí òfin ọdún 1990 dá sílẹ̀, ni ó ń fún ènìyàn ní ìwé-ẹ̀rí náà. Ní oṣù Kárùn-ún ọdún 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tí ó ń dele fún Ààrẹ, pàṣẹ pé kí ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ di ohun tí a ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan owó sísan. Òfin ọdún 2020 tún gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀, ó sì fi àyè gba ìbuwọ́lùwé orí ẹ̀rọ. Nípa báyìí, ẹni tí ó jókòó sí Ìsẹ́yìn lè gba ìwé-ẹ̀rí láìdé Àbújá.

Nínú ìwé Báńkì Àgbáyé lórí ìrọ̀rùn òwò, Nàìjíríà wà ní ipò 169 nínú ti ọdún 2017. Nínú ti ọdún 2020, ó ti bọ́ sí ipò 131 láàrin orílẹ̀-èdè 190. Síbẹ̀, Èkó àti Kánò nìkan ni wọ́n wò kí wọ́n tó fún Nàìjíríà ní ipò. Ní ọdún 2021, Báńkì náà fòpin sí ìwé ọ̀hún nítorí àbùkù tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ipò yẹn kò sọ ohunkóhun fún ni nípa Ìsẹ́yìn.

Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ti gé ọ̀nà Àbújá kúrú, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó lọ sí ìdí ẹ̀rọ ṣì jìn. Bí iná bá lọ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sì dúró, iṣẹ́ dúró. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni fọ́ọ̀mù fi ń béèrè ọ̀rọ̀. Ahunṣọ tí kò gbọ́ ọ yóò sanwó fún ẹni tí yóò bá a kọ ọ́. Orúkọ pàápàá lè di ìṣòro. Ẹni tí ń jẹ́ Ṣadé lè jẹ́ “Sade” nínú ìwé ìdánimọ̀, kí ó sì jẹ́ “Shade” ní báǹkì. Gbogbo ará àdúgbò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Ẹ̀rọ kò mọ̀.

Ohun tí ó kù láti ṣe kò ju agbára lọ. Kí fọ́ọ̀mù wà ní èdè Yorùbá pẹ̀lú. Kí òṣìṣẹ́ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ tí yóò ran oníṣòwò lọ́wọ́. Kí àwọn olùkọ́ sì kọ́ ọmọ ní àkọtọ́ orúkọ rẹ̀, kí ó lè máa kọ ọ́ bákan náà níbi gbogbo. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí ẹ̀rọ jẹ́ ọ̀nà kan tí a fi kún ọ̀nà. Kí ó má di ìlẹ̀kùn tuntun tí a tì mọ́ ahunṣọ.